ÌRÈTÍ ỌMỌ: ÌGBÀ WO NI Ó YẸ KÍ TỌKỌTAYA LỌ RÍ DÓKÍTÀ?

Nínú ìwé tí a ń kọ ẹ̀bẹ̀ àdúrà sí, ẹ̀bẹ̀ fún ọmọ kì í wọ́n. Ṣùgbọ́n a ṣàkíyèsí ohun kan níbẹ̀: orúkọ ìyàwó nìkan ni ó sábà máa ń wà. Baálé ilé kì í kọ tirẹ̀, àfi bí ẹni pé ọ̀rọ̀ náà kò kàn án. Èyí ni ó mú kí a fi ojú ewé yìí sọ̀rọ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kí ojú tì yín láti kà á.

Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ní ọdún 2023 pé nínú ènìyàn 6, ó tó ẹnì kan tí yóò rí ìṣòro àìrọ́mọbí nígbà kan láyé rẹ̀. Wọn ò sọ pé nínú obìnrin 6 o. Ènìyàn ni wọ́n wí. Nínú tọkọtaya tí ń wá ọmọ, nǹkan bí ìdajì ni ó jẹ́ pé ọwọ́ ọkùnrin wà nínú ìdádúró náà, yálà òun nìkan tàbí òun àti ìyàwó rẹ̀. Síbẹ̀ a ń rí i tí wọ́n ń kó ẹrù ìyàwó síta, tí wọ́n ń fẹ́ ẹlòmíràn wọlé, tí ìyàwó tuntun náà sì tún ń retí títí. Agbára lórí ibùsùn kọ́ ni ẹ̀rí. Ọkùnrin lè le koko, kí àtọ̀ rẹ̀ má sì ní ohun tí ń sọ obìnrin dolóyún nínú rárá. Ṣegede tí ó mú ọkùnrin lẹ́yìn tí ó ti bàlágà, àtọ̀sí tí a kò wò tán, iṣan tí ó wú nínú ẹpọ̀n, gbogbo ìwọ̀nyí lè fà á. Abẹ́rẹ́ testosterone tí àwọn mìíràn ń gbà kí wọ́n lè dọ̀dọ́ padà, òun gan-an lè sọ àtọ̀ di omi lásán.

Ní ti obìnrin, ẹyin lè má máa jáde bí ó ti yẹ, tàbí kí ọ̀nà tí ẹyin ń gbà dé ilé-ọmọ dí, nítorí àtọ̀sí tàbí àrùn tí ó wọlé lẹ́yìn ìbímọ tàbí oyún ṣíṣẹ́. Ìjù náà lè dá nǹkan dúró, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ló ní ìjù tí wọ́n sì ń bímọ. Èdà ńkọ́? Ó ti ná àwọn ìyá wa lówó púpọ̀. Wọ́n ní àtọ̀ ń dà padà, ìdí nìyẹn tí kò fi lóyún. Kò sí obìnrin tí díẹ̀ kì í dà jáde lára rẹ̀. Èyí tí yóò ṣiṣẹ́ ti wọlé lọ. Ẹni tí ó fi ọdún 3 mu àgbo nítorí èdà, ọdún 3 gidi ni ó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a mọ ọjọ́ kíkà pẹ̀lú. Bí nǹkan oṣù bá ń wá ní ọjọ́ 28, ẹyin sábà máa ń jáde ní nǹkan bí ọjọ́ 14 kí òmíràn tó dé. Àtọ̀ lè wà láàyè nínú obìnrin fún ọjọ́ 5, ṣùgbọ́n ẹyin kì í ju ọjọ́ kan lọ. Ọkọ tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ìdálẹ̀, tí ń wálé lẹ́ẹ̀kan lóṣù, lè máa ṣèèṣì fo ọjọ́ wọ̀nyí. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn tí ààwẹ̀ gígùn wọn ń bọ́ sí i lóṣooṣù.

Bí tọkọtaya bá ń sùn pọ̀ déédéé fún oṣù 12 láìsí oyún, kí wọ́n lọ rí dókítà. Bí ìyàwó bá ti pé ọdún 35, oṣù 6 tó. Ẹni tí ó ti lé ní 40 kò gbọdọ̀ dúró, nítorí ẹyin ń dínkù bí ọjọ́ orí ti ń lọ. Bákan náà ni ẹni tí nǹkan oṣù rẹ̀ kì í wá déédéé, tàbí tí ìrora rẹ̀ ń dá a dùbúlẹ̀, tàbí ọkùnrin tí ẹpọ̀n rẹ̀ kò sọ̀kalẹ̀ láti kékeré. Ẹni tí ó ti bí ọmọ kan rí náà wà nínú rẹ̀ o.

Àwọn kan ń bi wá pé ṣé lílọ sí ọsibítù kì í ṣe àìnígbàgbọ́. Èrò tiwa ni pé àyẹ̀wò kì í pa àdúrà lẹ́nu mọ́.

Àyẹ̀wò àtọ̀ ni kí ẹ tètè ṣe, ó rọrùn ju ti obìnrin lọ. Ọkọ yóò yẹra fún ìyàwó fún ọjọ́ 2 sí 7 ṣáájú. Bí èsì kò bá dára, wọn yóò tún un ṣe lẹ́yìn nǹkan bí oṣù 3. Fún ìyàwó, wọn yóò yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, wọn yóò ya àwòrán inú, bí ó bá sì yẹ, wọn yóò fi oògùn sínú ilé-ọmọ kí wọ́n fi X-ray wo bóyá ọ̀nà ẹyin là. Oògùn tàbí iṣẹ́ abẹ ń tó fún ẹlòmíràn. Ìlànà pípa ẹyin àti àtọ̀ pọ̀ níta ara, tí a fi bí Louise Brown ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní July 25, 1978, kò jìnnà sí wa mọ́: Ọ̀jọ̀gbọ́n Giwa-Osagie àti Ọ̀jọ̀gbọ́n Ashiru ṣe é yọrí ní LUTH, Ìdí-Àràbà, ní ọdún 1989. Owó rẹ̀ pọ̀, a kò ní parọ́.

Kí ọkọ àti ìyàwó jọ lọ ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Ẹ kó ìwé àyẹ̀wò àtijọ́ dání, kí ìyàwó sì ti kọ ọjọ́ tí nǹkan oṣù rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti oṣù 3 sẹ́yìn sílẹ̀, nítorí ó wà nínú ohun tí dókítà yóò kọ́kọ́ béèrè.