Yọ Méjì: Ọ̀rọ̀ Ẹnu Onídán Káàdì

Ọ̀rọ̀ tí onídán káàdì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sá fún ní èdè Yorùbá ni "yàn". Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní Ìbẹ̀fun, tó ń gbèrò idán tí yóò pa níbi àpèjẹ ẹgbẹ́ wọn, ló fa ọ̀rọ̀ yìí. Káàdì wọ́ọ̀tì ló fẹ́ lò, nítorí tọmọdé tàgbà ló ń ta á. Yóò kọ orúkọ káàdì kan sínú àpòòwé, yóò lẹ̀ ẹ́ pa, yóò wá to káàdì mẹ́rin sórí tábìlì. Ẹni tó bá jáde síta yóò fọwọ́ ara rẹ̀ dín wọn kù títí yóò fi ku ẹyọ kan, ẹyọ yẹn náà ni wọn yóò sì bá nínú àpòòwé. Ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ ibẹ̀ kò sí ní ìka ọwọ́ rárá. Ẹnu ló wà.

Ká ní sítáà 7 ló kọ sílẹ̀. (Ẹ má kọ 6 tàbí 9 o, kò sí wọn nínú wọ́ọ̀tì.) Bí ó bá ní, "Yan méjì," tí onítọ̀hún yan méjì tí sítáà kò sí níbẹ̀, idán ti bàjẹ́. Ohun téèyàn bá ti yàn ti di tirẹ̀, ẹ kò lè máa wá jù ú nù mọ́ ọn lójú. "Ṣàyàn" burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n "yọ" kò tíì fì sí ibì kankan. À ń yọ owó ní báńkì nítorí pé a fẹ́ ẹ, à ń yọ òkúta nínú ìrẹsì nítorí pé a kò fẹ́ ẹ. Ọ̀rọ̀ tó bá tẹ̀ lé e ló ń sọ ibi tó dorí kọ: yọ jáde, yọ sọ́tọ̀, yọ kúrò, yọ dànù.

Nítorí náà, kí onídán ní, "Yọ méjì," kó sì pa ẹnu mọ́ títí yóò fi rí ohun tí wọ́n yọ. Bí sítáà 7 bá wà níbẹ̀, "Ó dáa, àwọn tí a yọ yìí la ó lò." Bí kò bá sí níbẹ̀, "Ó dáa, ìyẹn ti kúrò." Ó wá ku méjì. "Fún mi ní ọ̀kan." Bí wọ́n bá fún un ní sítáà, òun náà nìyẹn. Bí wọ́n bá fún un ní èkejì, yóò jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹni pé bẹ́ẹ̀ ló ti wà tẹ́lẹ̀, yóò sì na ọwọ́ sí èyí tó kù. Kò pa irọ́ kankan, èdè ló fún un láyè. Káàdì mẹ́rin ló wà lórí tábìlì. Ẹni tó bá kàn ń méfò yóò kùnà ní bí ẹ̀ẹ̀mẹta nínú mẹ́rin.

Ṣé àsọtẹ́lẹ̀ wá ni èyí? Àsọtẹ́lẹ̀ ni ohun tí ẹnu wí kó tó ṣẹlẹ̀. Àfọ̀ṣẹ ni ohun tó ṣẹlẹ̀ nítorí pé ẹnu wí i. Lójú èrò, àsọtẹ́lẹ̀ ni onídán ṣe. Ní tèmi, àfọ̀ṣẹ ló sún mọ́ jù, àfi pé kò sí oògùn níbẹ̀.

Inú àpòòwé ni iṣẹ́ gidi wà. Ọmọkùnrin wa ti kọ ọ́ sílẹ̀ láìfi àmì ohùn sí i: "O mu star 7." Mo rẹ́rìn-ín títí. Ẹni tó bá ka ìyẹn níbi àpèjẹ yóò ní wọ́n fi ẹ̀sùn ọtí Star kan òun, ìgò méje lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo! Kódà bí a bá fi àmì sí i, tó di "O mú sítáà 7", kò tíì tọ́. Nígbà tó ń kọ ọ́, ẹnikẹ́ni kò tíì mú nǹkan kan. "Wàá mú" ni ìbá jẹ́. "Wàá mú" náà ní àléébù: ó ṣeé ṣe kó jẹ́ èyí tí onítọ̀hún kò fọwọ́ kàn ló kù. Ó wá dá a lábàá pé kí òun kọ "Sítáà 7 ni tìrẹ". Ìyẹn dára, àmọ́ ta ni yóò jáde? Bó bá jẹ́ olóyè tàbí ìyá arúgbó ni, "tìrẹ" yẹn yóò di ẹjọ́. "Tiyín" kò sì bá ọmọ ọdún mẹ́wàá mu. Ohun tí mo ní kó kọ ni "Sítáà 7 la ó fàbọ̀ sí". Ó gba ọ̀nà méjèèjì, ó gba àgbà, ó gba èwe.

Mo tún gbọ́ tó ń sọ pé òun fẹ́ "ṣe idán". Idán pípa là ń pa á: ó pidán, apidán ni. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń sọ ọ́ nípa Pùròfẹ́sọ̀ Peller, ọmọ Ìsẹ́yìn, tí a bí ní 1941 tó sì kú ní 1997; bẹ́ẹ̀ là ń sọ ọ́ nípa eégún alárìnjó kó tó dìgbà tirẹ̀. Hubert Ògúńdé ti Òsósà, ìlú tí òun àti Ìbẹ̀fun jọ wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Òdògbólú, bá alárìnjó ṣeré nígbà èwe rẹ̀ kó tó di ọ̀gá eléré. Àwọn eégún yẹn kì í dákẹ́ pa idán: bí wọ́n bá ń di ọ̀ọ̀nì tàbí òjòlá lábẹ́ aṣọ, ẹ̀sà, ìyẹn ewì eégún, ń lọ lókè.

Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ gbìyànjú rẹ̀, bí wọ́n bá ní kí ẹ tún un pa, ẹ má gbà. Bí "ìyẹn ti kúrò" bá di "àwọn yìí la ó lò" létí èrò kan náà, wọn á mọ̀.