ÀPÁÀDÌ TÍ Ń JẸ́RÌÍ: Ẹ̀KỌ́ LÓRÍ SÍSAN Ẹ̀JẸ́

Kíkà: 1 Sámúẹ́lì 1:9–28, Oníwàásù 5:4–6, Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 17:22–23

Lásìkò àjọ̀dún báyìí, ẹ̀jẹ́ a máa pọ̀ lẹ́nu wa. Nítorí náà ni a ṣe fẹ́ fi àpáàdì kọ́ ara wa lẹ́kọ̀ọ́.

1. ÀWỌN GÍRÍÌKÌ. Ṣáájú ìbí Olúwa wa ni àwọn Gíríìkì ti ń jẹ́ ẹ̀jẹ́ fún òrìṣà wọn. Bí ohun tí wọ́n tọrọ bá bọ́ sí i, wọn a mú ago tàbí àwo amọ̀ lọ sí ojúbọ, wọn a fi nǹkan ẹlẹ́nu ṣóńṣó ha ọ̀rọ̀ sí i lára. Ní Naukratis, ìlú tí àwọn oníṣòwò Gíríìkì tẹ̀dó sí ní Íjíbítì, Flinders Petrie àti àwọn tó tẹ̀ lé e bẹ̀rẹ̀ sí í hú irú àpáàdì bẹ́ẹ̀ jáde láti 1884. Ọ̀kan ń sọ pé Sostratos ni ó fi òun fún Aphrodite. Ẹ kíyè sí i: àwo náà fúnra rẹ̀ ni ó ń sọ̀rọ̀, bí ẹlẹ́rìí níwájú adájọ́!

Lórí òkè Hymettos lẹ́bàá Áténì, níbi tí wọ́n ti ń bọ Zeus, wọ́n rí àpáàdì tó ti lé ní 2,500 ọdún. Àwọn kan kọ orúkọ wọn. Àwọn mìíràn kò mọ̀ ju lẹ́tà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́, ìyẹn náà ni wọ́n kọ. Ohun tí agbára wọn ká ni wọ́n mú wá.

2. NÍLÉ WA. Ní Òṣogbo, àwọn obìnrin tí ń wá ọmọ a máa jẹ́ ẹ̀jẹ́ lọ́dọ̀ Ọ̀ṣun, wọn a sì padà wá san án nígbà ọdún, ní ìṣojú gbogbo ènìyàn. Wọn kò kọ ọ́ sára ohunkóhun. Ojú ayé ni ìwé wọn. Nígbà ìsọjí Joseph Ayọ̀ Babalọlá ní Òkè-Oòyè, Iléṣà, ní oṣù Keje 1930, ọ̀pọ̀ ènìyàn kó òrìṣà wọn dànù. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n òrìṣà ni a ní kí wọ́n jù nù, a kò ní kí wọ́n ju òtítọ́ ẹnu nù.

3. ÀPÁÀDÌ TIWA. Ẹ wo inú ilé Ọlọ́run: agogo, bẹ́ǹṣì, aago ara ògiri. Orúkọ ẹni tó fi ta wá lọ́rẹ wà lára wọn. Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, bí ó bá ń jẹ́rìí pé Ọlọ́run gbọ́ àdúrà. Ohun méjì ní ń ba ẹ̀rí náà jẹ́:

(a) Kí orúkọ wa tóbi ju ti Ọlọ́run lọ.

(b) Kí orúkọ ti jáde, kí ẹ̀jẹ́ má tíì san. Ní Naukratis, amọ̀kòkò a máa kọ ọ̀rọ̀ sára ago mìíràn kí ó tó fi í sínú iná. Ṣùgbọ́n bí ago náà kò bá dé ojúbọ, ta ni yóò jẹ́rìí fún? Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí wọ́n kéde orúkọ rẹ̀ nínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn, tí a pàtẹ́wọ́ fún, tí àjọ̀dún mìíràn fi dé bá a láìsan. Ìjọ gbójú lé ìlérí yẹn, wọ́n ra pákó láwìn. Òrùlé ń jò, gbèsè ń pè.

Hánà kò kọ nǹkan kan sára àwo. Nígbà tó gba ọmú lẹ́nu ọmọ, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ni ó fi gbé e padà lọ sí Ṣílò.

Arákùnrin, arábìnrin, bí àìsàn tàbí àìríṣẹ́ṣe bá dé lẹ́yìn tí o jẹ́ ẹ̀jẹ́, má sá fún ìjọ. Lọ bá àwọn alàgbà, sọ òtítọ́, mú díẹ̀ wá. Olè a máa jí wúrà inú tẹ́ńpìlì, ṣùgbọ́n ta ni yóò jí àpáàdì? Òun ló kù tó ń sọ̀rọ̀ títí dòní. Àpáàdì ló tó ko iná lójú.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀jẹ́ wo ni mo jẹ́ lọ́jọ́ ìpọ́njú? Ṣé mo ti san án? Ta ni ọrẹ mi ń gbé ga?

ÀDÚRÀ: Olúwa, má ṣe jẹ́ kí àpáàdì Kèfèrí dá wa lẹ́bi lọ́jọ́ ìdájọ́. Fún wa ní agbára láti san ohun tí ẹnu wa jẹ́, ní orúkọ Jésù. Àmín.