Máàkì Wa Kò Gòkè

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, fèrè idẹ ni mò ń fọn nínú drum corps (ẹgbẹ́ onífèrè àti onílù tó ń fi ìrìn ṣeré) kan ní Amẹ́ríkà. Oòrùn ń pa wá látàárọ̀, máàkì wa nínú ìdíje ò sì gòkè. Ó ń ṣe mí bíi kí n padà sílé.

Ìdáhùn: Àbúrò mi, má tíì di ẹrù. Nínú 100 máàkì ìdíje DCI (Drum Corps International), 40 wà fún bí eré náà ṣe wọni lára, 30 fún orin, 30 fún ìrìn àti àsíá. Àwọn adájọ́ ìlú kan kọ́ ni ti òmíràn, nítorí náà má fi máàkì ìlú kan wé ti èkejì. Ẹgbẹ́ tó gba bíi 70 lóṣù kẹfà sì lè lé ní 80 kí àṣekágbá ìdíje náà ní Indianapolis tó dé lóṣù kẹjọ. Lọ́la, mú ìṣísẹ̀ 8 péré tó ń dà ọ́ láàmú, kí o tún un ṣe títí yóò fi mọ́. Máa mu omi, jọ̀ọ́. Bí ara bá ń dùn ọ́, sọ fún olùkọ́ rẹ kílẹ̀ tó ṣú.