Àdùkẹ́, Ka Ìwé Ilẹ̀ Kí O Tó Ra Ewúrẹ́

Bódìjà,
Ìbàdàn.

Àdùkẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Mo gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó fún ìwọ àti ọkọ rẹ ní ilé tiyín ní Gillingham. Ilé á tura, ẹ ó pẹ́ níbẹ̀. O ní ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ gùn dáadáa, ẹ sì fẹ́ kó adìẹ mẹ́fà, àkùkọ kan àti ewúrẹ́ méjì síbẹ̀ kí àwọn ọmọ lè mọ bí a ṣe ń sin ẹran. Inú mi dùn sí èrò yẹn. Ìyá tó bí bàbá rẹ àti èmi, owó ewúrẹ́ àti adìẹ ló fi rán wa níléèwé, nítorí náà n kò kọ̀wé yìí láti dá ọ dúró. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi ṣe iṣẹ́ wọlé-wọlé fún kánsù kan ní Lọ́ńdọ̀nù, mo sì mọ ibi tí irú ọ̀rọ̀ yìí ti máa ń bàjẹ́.

O ní òṣìṣẹ́ kánsù kan sọ fún ọ lórí fóònù pé ẹ kò nílò ìwé àṣẹ. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òótọ́. Òfin tí wọ́n ṣe lọ́dún 2015 lórí ilé kíkọ́ ní England gbà kí onílé kọ́ ilé adìẹ tàbí ilé ẹran sẹ́yìnkùlé rẹ̀ láì tọrọ àyè, bó bá jẹ́ pé àwọn tó ń gbé inú ilé náà ló wà fún. Kó má ṣáà wà níwájú ilé. Bó bá sún mọ́ ààlà tó mítà 2, kó má ga ju mítà 2.5 lọ, kí gbogbo ohun tí ẹ kọ́ kún ilé má sì gbà ju ìdajì ilẹ̀ tó yí ilé ká. Ibi tí agbára òṣìṣẹ́ yẹn mọ nìyẹn. Ẹ̀ka tirẹ̀ nìkan ló gbẹnu sọ fún. Kò ka ìwé ilẹ̀ yín.

Ìwé ilẹ̀ yẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù. O ní láàárín ogun àgbáyé méjèèjì ni wọ́n kọ́ ilé náà. Láyé ìgbà náà, ẹni tó bá ń gé ilẹ̀ tà sábà máa ń kọ májẹ̀mú sínú ìwé pé ẹni tó rà á, àti gbogbo ẹni tó bá tún rà á lẹ́yìn rẹ̀, kò gbọ́dọ̀ sin adìẹ tàbí ẹlẹ́dẹ̀ níbẹ̀, kò sì gbọ́dọ̀ ṣòwò níbẹ̀. Ẹni tó kọ ọ́ lè ti kú tipẹ́, májẹ̀mú náà ṣì lè wà láàyè. Kánsù kò lágbára láti fi àṣẹ tirẹ̀ pa á rẹ́, aládùúgbò tí ilẹ̀ tirẹ̀ ń jàǹfààní májẹ̀mú náà sì lè pè yín lẹ́jọ́ lé e lórí, àfi lórí àgbébọ̀ tí ẹ kò fi ṣòwò, tí òfin kan tí mo máa dárúkọ nísàlẹ̀ dáàbò bò. Lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí o gba ìwé náà lọ́wọ́ HM Land Registry, owó rẹ̀ kò tó nǹkan. Wá ibi tí wọ́n pè ní Charges Register, kí o sì ka gbogbo ọ̀rọ̀ ibẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà mìíràn adìẹ àti ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n dárúkọ, wọn kò mẹ́nu kan ewúrẹ́. Nígbà mìíràn sì rèé, wọn kò dárúkọ ẹran kankan, ohun tó bá lè ni àwọn ará àdúgbò lára ni wọ́n kà léèwọ̀. Lọ́yà yín yóò ti fi hàn yín nígbà tí ẹ ń ra ilé, ṣùgbọ́n mo mọ bí ènìyàn ṣe ń ka ìwé nígbà tó bá ń retí kọ́kọ́rọ́.

Bí ìwé ilẹ̀ bá gbà yín láàyè, ó ku ohun tó ń ré ọgbà yín kọjá sọ́dọ̀ ẹlòmíràn: ariwo, òórùn, eṣinṣin, eku. Òfin Environmental Protection Act ti ọdún 1990 ni wọ́n fi ń dájọ́ rẹ̀. Òfin yẹn kò bìkítà iye adìẹ tí o ní. Ohun tó ń béèrè ni pé, ṣé ibi tí ẹran wà, àti bí ẹ ṣe ń tọ́jú rẹ̀, kò pa ìlera ẹnikẹ́ni lára, kò sì yọ aládùúgbò lẹ́nu? Adìẹ mẹ́fà tó mọ́ tónítóní lè wà níbẹ̀ fún ọdún púpọ̀ láìsí ẹni tó máa bú yín. Àkùkọ kan ṣoṣo lè gbé yín dé kóòtù. Àwọn àgbà ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú tí a kò sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Ní ilẹ̀ yẹn, ṣe ni wọ́n máa sọ, àmọ́ kánsù ni wọ́n máa lọ sọ fún. Òṣìṣẹ́ á wá, á gbọ́ bó ṣe ń kọ láàárọ̀ kùtù, bó bá sì dá a lójú pé ìyọlẹ́nu ni, kánsù gbọ́dọ̀ fún yín níwèé pé kí ẹ dá a dúró. Ọjọ́ 21 péré ni ẹ ní láti pe ẹjọ́ tako ìwé náà. Bí ẹ bá kẹ̀yìn sí i, ìtanràn ló kù.

Jọ̀wọ́, gbàgbé àkùkọ. Àgbébọ̀ á yé ẹyin láìsí akọ lọ́dọ̀ rẹ̀. Àwọn aṣòfin wọn pàápàá ti ya àkùkọ sọ́tọ̀ láti ìgbà pípẹ́: nígbà tí wọ́n ṣe òfin Allotments Act lọ́dún 1950, tó fún ẹni tó bá wà lórí ilẹ̀ èyíkéyìí lẹ́tọ̀ọ́ láti sin àgbébọ̀ àti ehoro, bí kì í bá ti í ṣe fún òwò, ohun yòówù tí ìwé àdéhùn tàbí májẹ̀mú ilẹ̀ náà ì báà sọ, àgbébọ̀ nìkan ni wọ́n dárúkọ, wọn kò fi àkùkọ kún un.

Láti ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá ọdún 2024, ẹni tó bá ń sin ẹyọ adìẹ kan péré ní England gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ APHA, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ìlera ẹran, láàárín oṣù kan. Má fojú kéré rẹ̀, nítorí àrùn fúlúù àwọn ẹyẹ ló fà á. Nígbà tí àrùn náà gbóná, wọ́n pàṣẹ pé kí gbogbo adìẹ ní England wà nínú ilé láti ọjọ́ 7 oṣù Kọkànlá ọdún 2022, kò sì sí ìtúsílẹ̀ títí di ọjọ́ 18 oṣù Kẹrin ọdún 2023. Nítorí náà, kọ́ ilé adìẹ rẹ kó fẹ̀ tó èyí tí wọ́n lè wà nínú rẹ̀ fún oṣù márùn-ún láì máa ṣá ara wọn jẹ.

Ti ewúrẹ́ le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìwọ lè pè é ní ohun ìṣeré àwọn ọmọ, ẹran oko ni lójú òfin. Kí ó tó wọlé, ẹ gbọ́dọ̀ ti gba nọ́ńbà ilẹ̀ tí wọ́n ń pè ní CPH, ẹ sì gbọ́dọ̀ forúkọ ewúrẹ́ náà sílẹ̀. Àmì gbọ́dọ̀ wà létí wọn, ìwé àkọsílẹ̀ gbọ́dọ̀ wà nílé, ìgbàkígbà tí ẹran bá sì wọlé tàbí jáde, ẹ gbọ́dọ̀ fi tó ìjọba létí.

Èyí tó máa ṣòro fún ọ jù ni ọ̀rọ̀ èèpo iṣu. Nílé wa níbí, ta ló ń da èèpo iṣu nù nígbà tí ewúrẹ́ wà? Ní England, ohunkóhun tó bá ti gba ilé ìdáná rẹ kọjá, ìbáà ṣe èèpo iṣu, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ tàbí ìrẹsì àná, o kò gbọ́dọ̀ fún adìẹ, o kò sì gbọ́dọ̀ fún ewúrẹ́. Ilé tí ẹran, ẹja, ẹyin àti wàrà kì í wọ̀ rárá nìkan ni wọ́n yọ sílẹ̀. Ojú wọn ti rí nǹkan: lọ́dún 2001, àrùn kan tó ń mú ẹran lẹ́nu àti lẹ́sẹ̀ jà níbẹ̀, wọ́n pa ẹran tó lé ní mílíọ̀nù mẹ́fà, àjẹkù tí wọn kò sè kí wọ́n tó fún ẹlẹ́dẹ̀ sì ni wọ́n gbà pé ó ṣeé ṣe kó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ewé tí o bá já nínú ọgbà, tó lọ tààrà sẹ́nu ẹran, kò léèwọ̀. Ṣọ́ra fún rhododendron ṣá, ó ń pa ewúrẹ́.

Bákan náà, má fi ojú ẹran ìsọmọlórúkọ wo ewúrẹ́ yẹn. Ẹni tó ni ẹran lè pa á nílé fún ara rẹ̀ àti ìdílé rẹ̀ tí wọ́n jọ ń gbé, ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ pín in fún àlejò, kò gbọ́dọ̀ tà á. Bí a ṣe ń dú ẹran nígbà Iléyá láì kọ́kọ́ mú un dákú, ilé ìpẹran tí ìjọba fọwọ́ sí nìkan ni wọ́n ti gbà á láàyè. Bí ewúrẹ́ bá sì kú fúnra rẹ̀, ẹ kò gbọ́dọ̀ sin ín sẹ́yìnkùlé.

Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ fi adìẹ mẹ́rin bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí ewúrẹ́ dúró di ọdún tó ń bọ̀. Kí ẹ tó kan pákó kankan, ìwọ àti ọkọ rẹ ẹ jọ lọ kan ilẹ̀kùn ilé ọ̀tún, ti òsì àti ti ẹ̀yìn. Ẹ fi ibi tí ilé adìẹ máa wà hàn wọ́n. Bí ẹnì kan bá ní fèrèsé yàrá òun ló kọjú sí i, ẹ gbé e síbòmíràn. Ẹ fi oúnjẹ adìẹ sínú agolo onídérí, kí ẹ má sì jẹ́ kí èyí tí wọ́n bá jẹ kù sùn síta, nítorí eku. Nígbà tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í yé, àwọn ará ilé wọ̀nyẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ fún lẹ́yin.

Bá mi kí ọkọ rẹ àti àwọn ọmọ. Bí ojú ìwé Charges Register bá ti tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́, ya fọ́tò rẹ̀ sí mi lórí WhatsApp, kí a jọ kà á. Kó tó dìgbà yẹn, má san owó ewúrẹ́ fún ẹnikẹ́ni.

Èmi ni,
Bàbá rẹ ní Bódìjà.