Ìdánwò Awáṣẹ́ Kọ̀ǹpútà

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, ní 2009 ni akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ dá Jobberman sílẹ̀, kí awáṣẹ́ lè rí iṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni rírí, ọ̀tọ̀ ni gbígbà.

Ẹni tí ó fẹ́ máa kọ ètò kọ̀ǹpútà yóò yanjú ìṣòro kan lójú àwọn olùdánwò, yóò sì máa sọ èrò rẹ̀ jáde. Ọ̀nà tí ó gbà ni wọ́n ń wò, kì í ṣe ìdáhùn nìkan. Ẹni tí ó há ìdáhùn sórí, tàbí tí ẹ̀rọ ń sọ ọ́ sí létí, yóò tẹ́ bí wọ́n bá yí ìbéèrè padà. Ẹni tí ó wí pé, “Èmi kò mọ èyí, ṣùgbọ́n báyìí ni n ó ṣe wá a,” kò tí ì pàdánù.

Òtítọ́ kì í ṣìnà.