Ẹni Tó Gbìn, Ẹni Tó Bomi Rin

*ÀṢÀRÒ ÒWÚRỌ̀*
*Ẹ kà: Kọ́ríńtì Kìíní 3:5-9*

  

Àwọn ará Kọ́ríńtì ń jà lórí òṣìṣẹ́ Ọlọ́run. Àwọn kan ní Pọ́ọ̀lù làwọn mọ̀, àwọn kan ní Àpólò ni. Pọ́ọ̀lù wá là á yé wọn pé òun gbìn, Àpólò bomi rin, ṣùgbọ́n Ọlọ́run nìkan ló ń mú un dàgbà. Àwa náà ṣì ń ṣe bíi tiwọn. Tá a bá gbọ́ pé ẹnì kan ń ṣiṣẹ́ ìyìn rere níbì kan, ohun tá a kọ́kọ́ máa ń béèrè ni pé, "Èrò mélòó ló ti ní?"

Ẹ jẹ́ ká fi oko méjì wò ó láàárọ̀ yìí: Ìjẹ̀bú wa níbí, àti ilẹ̀ Japan.

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé Ìjẹ̀bú àtijọ́ kì í ṣílẹ̀kùn fún àjèjì. Ẹgbẹ́ CMS ti wà ní Badagry àti Abẹ́òkúta ṣáájú 1850, ṣùgbọ́n ìlẹ̀kùn tiwa wà ní títì. Ní oṣù karùn-ún 1892, àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì bá wa jà ní Ìmagbọ̀n. Ìbọn ló ṣí ọ̀nà yẹn, a ò sì lè pe ìbọn ní ìyìn rere. Síbẹ̀, láàárín ọdún díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, àwọn ọmọ Ìjẹ̀bú fúnra wọn ló ń rọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, tí wọ́n ń kọ́ ilé ìjọsìn àti ilé ìwé.

Ẹgbẹ́ CMS kan náà ló rán George Ensor lọ sí Nagasaki ní Japan ní 1869. Nígbà tó débẹ̀, pátákó ìjọba tó ka ẹ̀sìn Kristi léèwọ̀ ṣì wà lójú títì. Ó di 1873 kí wọ́n tó gbé e kúrò. Láti ìgbà náà, àwọn òṣìṣẹ́ ti kọ́ ilé ìwé, wọ́n ti kọ́ ilé ìwòsàn, wọ́n ti wàásù. Síbẹ̀ títí dòní, nínú ọgọ́rùn-ún ará Japan, bóyá la fi máa rí Kristẹni kan.

Ṣé ẹni tó ṣiṣẹ́ ní Japan wá jẹ́ ọ̀lẹ ni? Kẹ́ ẹ tó dáhùn, ẹ gbọ́ èyí.

Ọdún 1549 ni Francis Xavier kọ́kọ́ gbé ìyìn rere dé Kagoshima. Kò gbọ́ èdè wọn. Orúkọ tí wọ́n bá a wá fún Ọlọ́run ni Dainichi, kò mọ̀ pé orúkọ Buddha kan ni. Inú àwọn onísìn Buddha dùn, wọ́n rò pé ẹ̀sìn àwọn náà ló ń wàásù! Nígbà tó yé e, ó pa orúkọ náà tì. Ìgbàgbọ́ náà ta gbòǹgbò, ṣùgbọ́n ní 1614 ìjọba fòfin dè é káàkiri ilẹ̀ náà. Wọ́n lé àlùfáà, wọ́n pa onígbàgbọ́, wọ́n ní kí èèyàn fẹsẹ̀ tẹ àwòrán Jésù kí wọ́n lè mọ ẹni tó ti kọ̀ ọ́.

Ó lé ní 200 ọdún tí kò sí àlùfáà kankan láàárín wọn. Gbogbo èèyàn gbà pé ó ti tán. Ní oṣù kẹta 1865, àwọn ará abúlé Urakami, bíi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, wọ ṣọ́ọ̀ṣì tuntun tí àwọn Faransé kọ́ sí Nagasaki. Obìnrin kan sún mọ́ àlùfáà Petitjean, ó sì rọra sọ fún un pé ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ náà ló wà lọ́kàn tàwọn. Ta ló tọ́jú ìgbàgbọ́ náà? Àwọn àgbà abúlé ló ń ṣèrìbọmi fún ọmọ. Ẹnì kan ń ka ọjọ́ kí wọ́n lè mọ ìgbà Kérésì àti Àjíǹde. Nínú ilé ni wọ́n ti ń kọ́ ọmọ ní àdúrà, ní ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Xavier gbìn ín, kò sì rí èyí. Ó ti kú láti 1552.

Ẹ̀yin ará, iye èrò kọ́ la fi ń wọn òṣìṣẹ́ Ọlọ́run. Àgbẹ̀ tó gbin obì mọ̀ pé òun ò ní ká a lẹ́ẹ̀rùn tó ń bọ̀, síbẹ̀ kò torí ẹ̀ ṣíwọ́ ríro ìdí igi.

*Kí la máa ṣe lónìí?*

1. Bí ọmọ yín bá wà ní Tokyo tàbí Osaka, ẹ má bi í pé ẹni mélòó ló ti mú wá sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ bi í bóyá ó ti ń gbọ́ èdè wọn, bóyá ó mọ orúkọ aládùúgbò rẹ̀. Àgbàlagbà tó ń dá gbé pọ̀ ní Japan. Ẹni tó ń bá bàbá arúgbó gbé ẹrù wọlé, tó ń kí i láràárọ̀, ó ti ń bomi rin.

2. Ẹ bojú wo ilé tiyín. Bí kò bá sí pásítọ̀ fún ọdún kan péré, ṣé àdúrà á ṣì máa dún níbẹ̀? Ẹ kọ́ ọmọ kan ládùúrà lálẹ́ òní.

3. Ẹni tẹ́ ẹ ti ń gbàdúrà fún látọjọ́ yìí tí kò tíì yí padà, ẹ má yọ orúkọ rẹ̀ kúrò.

*Àdúrà:* Olúwa, fún wa ní sùúrù ẹni tó ń gbìn. Rántí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ ní Japan tó ti rẹ̀ nítorí pé èso ò pọ̀. Má jẹ́ kí iná ìgbàgbọ́ kú nínú ilé wa. Lórúkọ Jésù. Àmín.