Ẹ Kọ́kọ́ Ro Ti Àbọ̀

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo gbọ́ pé ẹ ti ń múra láti kúrò ní London lọ́jọ́ Jímọ̀, kí ẹ lọ pàgọ́ sí Eryri, ọgbà ńlá tí ìjọba yà sọ́tọ̀ ní 1951 ní àríwá Wales, kí ẹ sì gun Yr Wyddfa, tí ọ̀pọ̀ nínú wa mọ̀ sí Snowdon, lọ́jọ́ Sátidé. Inú mi dùn sí i gan-an. Ẹni tó ń fi gbogbo ọ̀sẹ̀ jókòó sídìí kọ̀ǹpútà yẹ kó mọ bí atẹ́gùn orí òkè ṣe ń fẹ́.

Ti àbọ̀ ni mo fẹ́ bá yín sọ. Àjò kì í dùn kí onílé má relé. Bí ẹ bá dé ṣóńṣó òkè, iṣẹ́ ku ìdajì, ìgbà tí ẹ ó sì ṣe ìdajì yẹn ni ẹsẹ̀ ti rẹ̀, tí omi inú ìgò ti tán, tí ilẹ̀ fẹ́ máa ṣú. Orúnkún tó ti ń gbọ̀n ló ń tàsé òkúta.

Ọ̀nà Llanberis ni kí ẹ gbà. Òun ló gùn jù, nǹkan bíi máìlì 9 ní àlọ àti àbọ̀, ó sì lè gbà yín ní wákàtí 6 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n kò ga gogoro bíi tàwọn yòókù. Bí ẹ bá yarí pé Pyg Track láti Pen-y-Pass lẹ fẹ́, ẹ lajú yín dáadáa ní Bwlch y Moch. Ọ̀nà pín níbẹ̀. Èyí tó yà sọ́tùn-ún ń lọ sí Crib Goch, orí òkè tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí ojú ọ̀bẹ, tí ọ̀gbun wà lọ́tùn-ún lósì rẹ̀. Àwọn tí kò ní in lọ́kàn rárá ti bá ara wọn níbẹ̀ rí, torí pé wọ́n ń tẹ̀lé ẹni tó wà níwájú wọn. Ẹ mú máàpù oníwèé dání, kí ẹ sì kọ́ bí wọ́n ṣe ń kà á kí ẹ tó kúrò nílé. Bátìrì fóònù tètè máa ń kú nínú òtútù.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan nínú yín á ní, "Bàbá, mítà 1,085 péré ni, a ti gun Olúmọ, a ti gun òkè Ìdànrè." Àtẹ̀gùn wà ní Ìdànrè, oòrùn ilé wa sì wà níbẹ̀. Kí ẹgbẹ́ John Hunt tó lọ gun Everest ní 1953, àwọn òkè Eryri yìí ni wọ́n wá fi dánra wò. Bí èèyàn bá gòkè tó 1,000 mítà, ooru á ti fi nǹkan bí ìwọ̀n Celsius 6 tàbí 7 dín sí ti ìsàlẹ̀, ká má tíì sọ ti atẹ́gùn. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí oòrùn ń ràn ní Llanberis nísàlẹ̀, mo pàdé ọmọkùnrin kan lókè tí òjò ti pa, tí ṣòkòtò jíìnsì lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Ẹ̀wù òjò wà nínú báàgì rẹ̀, àmọ́ òtútù ti mú ìka rẹ̀ débi pé kò lè fa síìpù báàgì náà. Ọ̀rọ̀ ti ń lọ́ mọ́ ọn lẹ́nu. Àwa la bá a ṣí i, a fún un ní tíì gbígbóná, a sì mú un sọ̀kalẹ̀. Nítorí náà, ẹ fi jíìnsì sílẹ̀ nílé, ẹ wọ aṣọ onírun àgùntàn, kí ẹ sì gbé ẹ̀wù òjò wọ̀ kí òjò tó dé. Ẹni tó bá ń gbọ̀n, tó ń kọsẹ̀ ṣáá, tí ọ̀rọ̀ ń lọ́ mọ́ lẹ́nu, ẹ má bi í bóyá ó fẹ́ padà. Ẹ mú un padà.

Ẹ fẹnu kò sí aago kan kí ẹ tó gbéra. Bí aago náà bá lù tí ẹ ò tíì dé òkè, ẹ yí padà, bí ẹ tilẹ̀ ń wo ṣóńṣó rẹ̀ lọ́ọ̀ọ́kán. Lọ́jọ́ ìsinmi, àwọn èèyàn máa ń tò lórí ṣóńṣó yẹn kí wọ́n lè ya fọ́tò. Ẹ ka ìyẹn mọ́ àkókò yín. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ falẹ̀ jù ni kó máa lọ níwájú. Kí ẹni tó kéré jù láàárín yín sì lẹ́nu láti sọ pé, "Ẹ jẹ́ ká padà," kí ẹnikẹ́ni má pè é ní ojo. Ó ṣòro fún wa, torí bí wọ́n ṣe tọ́ wa ni pé ọmọdé kì í já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu ẹ̀gbọ́n. Lórí òkè, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ìyẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ti àgọ́ kò pọ̀. Ilẹ̀ onílẹ̀ ló pọ̀ jù nínú ọgbà náà, ẹ kò lè pàgọ́ síbi tó bá ṣáà ti wù yín. Ẹ san owó ibùdó, ẹ ti géètì tí ẹ bá ṣí kí àgùntàn má baà jáde, ẹ kó pàǹtí yín délé. Ẹ má fojú kéré ẹní tí ẹ ó tẹ́ sábẹ́, ilẹ̀ ló ń fa ooru lára ẹni lóru.

Lónìí, ẹ fi "register" ránṣẹ́ sí 999 lórí fóònù yín, kí ẹ lè fi àtẹ̀jíṣẹ́ ké sí àwọn tó ń gbani ní pàjáwìrì bí ìpè kò bá lọ. Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, ẹ pe 999, ẹ béèrè ọlọ́pàá, kí ẹ wá sọ pé Mountain Rescue, àwọn tó ń gbani lórí òkè, lẹ ń fẹ́. Bí fóònù bá kọ̀, ẹ fọn fèrè lẹ́ẹ̀mẹ́fà láàárín ìṣẹ́jú kan, ẹ sinmi fún ìṣẹ́jú kan, kí ẹ tún fọn ọ́n. Kò sẹ́ni tó ń sanwó fún àwọn tó máa wá. Wọ́n ń fi iṣẹ́ àti ọmọ tiwọn sílẹ̀ ni. Ẹ má tijú láti pè wọ́n bó bá tọ́.

Ẹ kọ ọ̀nà tí ẹ ó gbà àti aago tí ẹ ó sọ̀kalẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Bí ẹ bá dé orí òkè, ẹ má wulẹ̀ pè mí. Ìgbà tí gbogbo yín bá pé sídìí mọ́tò ni kí ẹ pè.